Ẹ Gun Òrùlé Kí Ẹ Tó Wọ Ilé Ìdáná: Fífọ Húùdù, Páìpù Èéfín àti Dídènà Iná ní Ilé Oúnjẹ

Bí wọ́n bá pè mí láti wá fọ húùdù ilé oúnjẹ ní Ìlọrin, ìyẹn irin tó bo òkè ààrò tó ń gba èéfín sínú páìpù, n kì í kọ́kọ́ wọ ilé ìdáná. Àkàbà ni mo máa ń béèrè. Mo fẹ́ gun òrùlé kí n wo ibi tí páìpù èéfín ti yọrí síta. Bí páànù tó yí i ká bá ti dúdú, tó ń yọ̀, tí eruku ọyẹ́ ti lẹ̀ mọ́ epo lára rẹ̀, tí epo náà sì ti ṣàn láti ẹnu fáànù dé etí òrùlé, mo ti mọ bí inú páìpù ṣe rí kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, Alhájà tó ni ilé oúnjẹ náà á ti dúró de mi pẹ̀lú fíltà tó ń dán lọ́wọ́. Á ní, "Wẹ́dà, ẹ wò ó, alaalẹ́ la máa ń fọ̀ ọ́." Òótọ́ ló sọ, fíltà mọ́ tónítóní. Fíltà kọ́ ló ń jólé.

Wẹ́dà ni mí lóòótọ́. Iṣẹ́ irin ni mo kọ́ ní Ṣàngó. Húùdù ni mo ń ṣe tà kí àwọn oníbàárà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí pé kí n wá fọ èyí tí mo ṣe, àti èyí tí ẹlòmíràn ṣe. Ojú ẹni tó ń jó irin pọ̀ ni mo fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí mo sì máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ni pé ibi tí ojú yín kò tó nínú húùdù yẹn ni kí ẹ ná owó yín sí.

Bí epo ṣe ń dé òkè

Nígbà tí ẹ bá ń dín adìyẹ tàbí dòdò, kì í ṣe omi ara ẹran nìkan ló ń bá ooru gòkè. Epo fúnra rẹ̀ ń lọ, ní wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí. Fáànù ń fà á. Fíltà á dá díẹ̀ dúró, ìyókù á kọjá, ibi tó bá sì ti kan irin tó tutù ni yóò ti dì. Á dì sí ẹ̀yìn fíltà, á dì sí inú húùdù lókè ibẹ̀, á dì sí igun tí páìpù ti ṣẹ́, á dì sí ara fáànù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó rọ̀, àkísà lè nù ún kúrò. Bí ẹ bá fi sílẹ̀, ooru ojoojúmọ́ á máa sè é títí yóò fi dúdú, tí yóò sì le débi pé irin la ó fi ha á.

Ọ̀rá yìí ń jó, ó sì ń jó gan-an. Epo ẹ̀pà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín ní nǹkan bí ìwọ̀n 230 lórí Sẹ́líṣíọ̀sì. Bó bá gbóná kọjá 300 lọ dáadáa, ó lè gbiná fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣáná sí i. Ọwọ́ iná á ga, á kan fíltà, fáànù tó ń fa èéfín á sì fa ọwọ́ iná náà wọ páìpù. Kò ní pẹ́ tí iná fi máa wà níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò lè tó o. Irin páìpù kò ní jó, àmọ́ á gbóná, á pọ́n, pákó àjà tó wà nítòsí rẹ̀ á sì gbiná. Kúùkù tó ti pa iná ojú àwo tán lè máa rò pé ewu ti kọjá. Ó ń fọwọ́ nu òógùn lójú, òrùlé ń jó lọ.

Ìgbà wo ló yẹ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò?

Kò sí iye oṣù kan tó bá gbogbo ilé oúnjẹ mu. Ohun tí ẹ ń sè àti ohun tí ẹ fi ń dáná ló ń sọ ọ́. Àjọ kan tó ń rí sí dídènà iná wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ NFPA, ìlànà wọn tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 96 ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ yìí ń wò. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi igi tàbí èédú dáná, wọ́n ní kí wọ́n máa yẹ inú páìpù wò lóṣooṣù. Ibi tí wọ́n ti ń dín nǹkan tàbí yan ẹran láti àárọ̀ di òru, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ilé oúnjẹ tó ń sè níwọ̀ntúnwọ̀nsì, oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Ibi tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dáná, irú ilé ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún.

Ẹ jẹ́ ká mú un wá sí àdúgbò. Ilé ìdín adìyẹ àti ṣáwámà ní Tánkè, níbi tí àwọn ọmọ Yunifásítì ti ń jẹun di òru, ti oṣù mẹ́ta ni. Ẹni tó bá ń yan súyà tàbí ẹja lórí èédú lábẹ́ húùdù, oṣooṣù ni, kó má bá mi jiyàn, nítorí pé èédú ń ta ẹ̀ta iná, ẹ̀ta iná náà sì ń bá èéfín gòkè lọ bá ọ̀rá. Ìyá alámàlà tó ń ta tùwó àti gbẹ̀gìrì, tí kò dín ju ẹran àti ẹja díẹ̀ láàárọ̀ lọ, lè lo oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ igi ló fi ń ro àmàlà, ó ti bọ́ sí ti oṣooṣù nìyẹn, kódà bí epo ò pọ̀, torí pé dúdú tí èéfín igi ń fi sílẹ̀ nínú páìpù náà ń jó.

Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ wọn ọ̀rá náà. Ẹ fi ọ̀bẹ tí kò mú ha ojú kan nínú páìpù títí dé irin, kí ẹ wá fi rúlà wo bí ọ̀rá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣe nípọn tó. Bó bá ti tó mìlímítà 2, ẹ má wo kàlẹ́ńdà mọ́, ẹ fọ̀ ọ́.

Ní ti àsìkò, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ààwẹ̀ Ramadan ni mo fẹ́ràn jù lọ nílùú wa níbí. Àwọn kan máa ń ní kí n wá nígbà tí ààwẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, torí wọn kì í dáná títí di ìrọ̀lẹ́, odindi òwúrọ̀ sì ṣófo. Kò burú, àmọ́ ìrọ̀lẹ́ ìṣínu yẹn gan-an ni wọ́n ń dín nǹkan jù: àkàrà, iṣu, ẹran, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lórí ọ̀rá tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ẹ fọ̀ ọ́ kó tó dé ibẹ̀. Ẹ sì tún yẹ̀ ẹ́ wò kí ọyẹ́ tó mú, nígbà tí pákó òrùlé gbogbo bá gbẹ.

Iṣẹ́ tí wẹ́dà ṣe fún yín

Ojú ni púpọ̀ nínú wa fi ń wọn húùdù ní ìlú yìí. Húùdù lè rẹwà kó má dáa. Kí ẹ tó fọ̀ ọ́, ẹ fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe ṣe é, torí fífọ̀ kò lè tún iṣẹ́ burúkú ṣe.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi fíltà. Bó bá jẹ́ nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi síbẹ̀, irú wáyà wẹ́wẹ́ tó wà nínú húùdù inú ilé, ẹ yọ ọ́ dànù. Nẹ́ẹ̀tì ń gba ọ̀rá sínú, ó ń dì, kò sì dá ọwọ́ iná dúró. Èyí tó yẹ ilé oúnjẹ ni èyí tí wọ́n ń pè ní baffle: irin tí wọ́n ká, tí wọ́n tò kọjú síra wọn, tó jẹ́ pé èéfín gbọ́dọ̀ ṣẹ́rí lójijì kó tó kọjá. Níbi tó ti ń ṣẹ́rí yẹn ni epo ti ń lu irin, tó sì ń ṣàn wálẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ dagun dé dígírì 45 ó kéré tán, kì í sùn gbalaja, torí bó bá sùn, epo á máa kán padà sórí iná. Lábẹ́ rẹ̀, kí gọ́tà kékeré wà tó ń kó epo lọ sínú agolo irin tó ní ìdérí. Agolo yẹn kékeré ni, ẹ má fi garawa síbẹ̀.

Láti ojú ibi tí ẹ ti ń sè nǹkan dé etí fíltà, ìdajì ẹsẹ̀ bàtà kan lé ní ẹsẹ̀ kan, ìyẹn íǹṣì 18, ni ó kéré jù. Bó bá jẹ́ èédú, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Mo ti rí ibi tí wọ́n gbé ààrò èédú sí abẹ́ húùdù gáàsì láìyí ohunkóhun padà, tí fíltà fi ń pọ́n.

Páìpù wá ńkọ́? Jíjó ni kí wọ́n jó gbogbo ojú ìpàdé rẹ̀ pọ̀, yípo-yípo, tí omi kò fi ní jò níbẹ̀. Ẹni tó bá fi ìṣó tàbí ríbẹ́ẹ̀tì kan án pọ̀ ti lu ihò tí epo máa gbà jò sórí àjà yín. Páìpù gbọ́dọ̀ jìnnà sí pákó àti ohun mìíràn tó lè jó ní íǹṣì 18. Ibí yìí ni ó ti máa ń burú jù nítorí ẹ̀ṣọ́. Ní Ọ̀fà, mo dé ilé oúnjẹ kan tí wọ́n fi àjà rọ́bà funfun báláú bo gbogbo òkè, wọ́n gé e yí páìpù ká, kò sí àlàfo kankan. Mo yọ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Pákó tó gbé àjà náà dúró ti dúdú ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí páìpù, ó sì ń fọ́ mọ́ni lọ́wọ́. Nísàlẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá wọlé á máa yin ẹwà àjà náà ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ wẹ́dà yín jù lọ ni ilẹ̀kùn. Ní gbogbo ibi tí páìpù bá ti ṣẹ́, kó gé ilẹ̀kùn sí i tó ṣeé ṣí, tó sì ń dé dáadáa, kí ọwọ́ àti irin ìha lè wọ ibẹ̀. Páìpù tí kò ní ilẹ̀kùn, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ fọ̀ ọ́. Ẹni tó ní òun fọ̀ ọ́, ẹnu húùdù nísàlẹ̀ àti ẹnu fáànù lókè ló fọ̀. Àárín wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn ọ̀gá máa ń ṣàwáwí pé ilẹ̀kùn ò rẹwà. Wọ́n ti ná owó lórí táìlì, wọ́n ti ná owó lórí iná aláwọ̀ mèremère, owó ilẹ̀kùn irin mẹ́ta ló ń dùn wọ́n.

Fáànù òrùlé gbọ́dọ̀ máa fẹ́ èéfín sókè, kó ga ju òrùlé lọ ní nǹkan bí íǹṣì 40, kó sì jìnnà sí fèrèsé aládùúgbò àti ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ilé ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Fáànù rọ́bà tí wọ́n ń fi sí ilé ìwẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Ọ̀kan tó kù nísàlẹ̀: ẹ má jẹ́ kí fíráyà, ẹ̀rọ oníkòtò tí ẹ fi ń dín nǹkan nínú epo púpọ̀, fara kan ààrò tó ní ọwọ́ iná. Kí íǹṣì 16 wà láàárín wọn. Bí àyè ò bá sí, ẹ ní kí wẹ́dà jó pátákó irin tó ga tó íǹṣì 8 sáàárín wọn. Iṣẹ́ wákàtí kan ni.

Fífọ̀ náà gan-an

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tilẹ̀kùn lálẹ́ ló dára. Ọ̀rá tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ rọrùn láti ha ju èyí tó ti sùn lọ. Ẹ pa gbogbo ààrò, ẹ ti orí sílíńdà, ẹ kó epo inú fíráyà kúrò nígbà tó bá ti tutù.

Lẹ́yìn náà, iná mànàmáná. Pípa ṣíìṣì lára ògiri kò tó. Ní ìlú wa, iná lè dé láti ọ̀dọ̀ NEPA, láti ara jẹnẹrétọ̀, tàbí láti ara ínfátà, ẹni tó wà ní iwájú ilé kò sì mọ̀ pé ẹnìkan ki ọwọ́ bọ fáànù lórí òrùlé. Ẹ yọ fíúùsì fáànù náà, kí ẹni tó máa gun òkè fi í sí àpò ara rẹ̀. Bí fíúùsì bá wà lápò rẹ, kò sí ẹni tó lè tan fáànù mọ́ ọ lọ́wọ́.

Ẹ fi náílọ́ọ̀nù ńlá bo ààrò, fíráyà àti tábìlì. Ẹ so èyí tó wà lábẹ́ húùdù kí ó dagun sínú garawa, kí omi ìdọ̀tí lè ní ibi tó ń lọ.

Ẹ yọ fíltà. Kí ẹ tó rẹ ẹ́, ẹ mọ irú irin tó jẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ kọ́sítíìkì, sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ. Kọ́sítíìkì ń jẹ ọ̀rá dáadáa, stainless sì ń gbà á. Ṣùgbọ́n bó bá kan àlúmíníọ̀mù, á máa hó, á máa jẹ irin náà, á sì máa tú afẹ́fẹ́ hydrogen jáde, èyí tó ń gbiná. Ó ń jẹ ojú páànù gálífánáìsì náà. Mágínẹ́ẹ̀tì kò ní ràn yín lọ́wọ́: kì í fa àlúmíníọ̀mù, púpọ̀ nínú stainless gidi náà kì í fà mọ́ ọn. Ẹ gbé e wò. Àlúmíníọ̀mù fúyẹ́, ìṣó sì ń tètè ha á lára. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ fi kọ́sítíìkì sílẹ̀, omi gbígbóná àti ọṣẹ oníyẹ̀fun nínú àgbá, kó sùn síbẹ̀ mọ́jú, ó tó.

Ẹni tó bá máa lo kọ́sítíìkì, kó kọ́kọ́ bu omi tútù sínú ike, kó wá máa da kọ́sítíìkì sínú omi díẹ̀díẹ̀. Ẹ má da omi lé kọ́sítíìkì lórí, ẹ má sì lo omi gbígbóná láti pò ó, torí òun fúnra rẹ̀ ń gbóná, ó lè hó ta sí yín lójú. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó dé ìgúnpá, awò tó bo ojú, bàtà tó bo ẹsẹ̀. Bó bá ta síni lára tàbí lójú, omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ. Ẹ má fi epo pa á, ẹ má fi ohunkóhun kùn ún.

Nínú húùdù, ẹ ha ọ̀rá ní gbígbẹ kí omi tó kàn án. Àwọn ọmọṣẹ́ mi kì í fẹ́ gbọ́ èyí, omi ni wọ́n ń fẹ́ fọ́n sí i lójú ẹsẹ̀. Omi á kàn tú ọ̀rá náà ká ni, á gbé e lọ sí gbogbo kọ̀rọ̀. Síkírépà tí àwọn akunlé ń lò dára fún ojú tó tẹ́jú, búrọ́ọ̀ṣì onírin fún igun. Èyí tí ẹ bá ha, inú agolo irin onídèérí ni kó lọ.

Páìpù, láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn tó wà lókè jù, ẹ ha á, kó já bọ́ sórí náílọ́ọ̀nù nísàlẹ̀, kí ẹ tó bọ́ sí ilẹ̀kùn kejì. Lẹ́yìn híha ni omi gbígbóná àti ọṣẹ wá tó kàn. Máṣíìnì tí àwọn afọmọ́tò ń lò dára fún un, bí ẹ bá ti bo gbogbo gílóòbù àti wáyà. Ibi tí páìpù bá ti lọ gbọọrọ láìdagun, ibẹ̀ ni ọ̀rá ti máa ń pọ̀ jù nísàlẹ̀ rẹ̀, torí kò rí ibi ṣàn lọ. Ẹ lo àkókò yín níbẹ̀.

Ìgbà tí ẹ bá rò pé ó ti tán, ẹ so fóònù mọ́ igi gígùn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kí ẹ gba fídíò inú páìpù. Irin ni kí ẹ rí, kì í ṣe ohun dúdú tó ń dán.

Fáànù ni mo máa ń fi parí. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù di mọ́tò rẹ̀ kí omi má wọ̀ ọ́. Ẹ ha abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, kí gbogbo wọn mọ́ dọ́gba. Bí ọ̀rá bá kù sára ọ̀kan, fáànù á máa gbọ̀n, bẹ́ríǹ rẹ̀ á sì bàjẹ́ láìpẹ́. Ẹ wo bẹ́líìtì rẹ̀ bóyá ó ti ya.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì fọ ọ̀rá. Mo mọ̀ pé ó ń tètè yọ ọ́, ìdí tí àwọn kan ṣe ń lò ó nìyẹn. Ooru bẹntiróòlù á dúró sínú páìpù, ẹni tó bá kọ́kọ́ tan ààrò láàárọ̀ ló máa fi ojú rí i. Àkísà tí ẹ sì fi nu epo, ẹ má kó o jọ sí igun. Àkísà elépo tí wọ́n tì mọ́ra lè máa gbóná láti inú wá títí á fi gbiná fúnra rẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a síta, tàbí kí ẹ rì í sínú agolo olómi.

Omi tí ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó tutù. Ọ̀rá á léfòó, á dì, ẹ bù ú kúrò lójú rẹ̀ kí ẹ tó da omi nù. Bí ẹ bá da ọ̀rá sí sọ́kàwéè, ẹ ó pe ẹni tó máa gbẹ́ ẹ láìpẹ́. Gọ́tà Ìlọrin púpọ̀ sì ń já sí odò Àsà.

Fún ojoojúmọ́, ẹ fọ fíltà lálẹ́, ẹ nu etí húùdù, ẹ da epo inú agolo nù. Ìyẹn ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Gáàsì

Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá ń jò, ilẹ̀ ló ń rọ̀ sí, fèrèsé tó ga kò lè lé e jáde. Nítorí náà, sílíńdà ńláńlá níta ni kó wà, ní òró, nínú àgò irin, níbi tó jìnnà sí gọ́tà àti jẹnẹrétọ̀, kí ihò sì wà nísàlẹ̀ ògiri ilé ìdáná. Ẹ fi ohun tí ẹ ó fi ti gáàsì sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn àbájáde, kí ẹni tó ń sá jáde lè tì í lójú ọ̀nà. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn fíráyà ló wà, ta ló máa la iná kọjá lọ tì í?

Fóòmù ọṣẹ ni a fi ń wo bí rọ́bà gáàsì ń jò, kì í ṣe ìṣáná. Bí òórùn rẹ̀ bá gba ilé kan, ẹ má tan iná, ẹ má pa iná, ẹ má yí jẹnẹrétọ̀. Ẹ ti sílíńdà, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ jáde.

Bí iná bá ràn

Àwo epo tó gbiná: ẹ pa gáàsì abẹ́ rẹ̀, ẹ rọra ti ìdérí irin bò ó láti iwájú yín lọ sí ọ̀ọ́kán, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ títí yóò fi tutù. Ẹ má gbé e. Ẹni tó gbé àwo oníná máa dà á sí ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ lójú ọ̀nà. Omi kò gbọdọ̀ kàn án rárá: omi wúwo ju epo lọ, á rì sísàlẹ̀ rẹ̀, á hó lójú ẹsẹ̀, ife omi kan á sì fẹ̀ di nǹkan bí 1,700 ife ooru, á gbé epo oníná náà jù sí àjà.

Ní ti ìpaná, agolo pupa tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri láti fi pa iná, ẹ wo àwọ̀ tí wọ́n fi sàmì sí ara rẹ̀ nísàlẹ̀ orúkọ. Àwọ̀ búlúù ni oníyẹ̀fun, dúdú ni ti afẹ́fẹ́ CO2, yẹ́lò ni ti olómi tí wọ́n ṣe fún epo ìdáná. Oníyẹ̀fun ni mo ń bá ní ilé oúnjẹ púpọ̀. Ó lè pa ọwọ́ iná lóòótọ́, àmọ́ kò mú epo tutù, epo náà sì lè tún gbiná lẹ́yìn tí ìpaná bá ti tán. Ti CO2 máa ń jáde pẹ̀lú agbára, ó lè fọ́n epo ká. Èyí tó ní àmì yẹ́lò, tí wọ́n kọ F tàbí K sí, ni kí ẹ rà fún fíráyà. Iyọ̀ potassium ló wà nínú rẹ̀. Bó bá kan epo gbígbóná, á sọ ojú epo náà di ọṣẹ, bí àwọn olóṣẹ dúdú ṣe ń fi omi eérú sọ epo di ọṣẹ nínú ìkòkò. Ọṣẹ yẹn á bo epo mọ́lẹ̀ kúrò lọ́wọ́ afẹ́fẹ́, omi inú rẹ̀ á sì mú un tutù. Ẹ má gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fíráyà. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni kó wà, kó jẹ́ pé ẹni tó ń lọ mú un ń jìnnà sí iná.

Bí ilé yín bá ní èyí tí wọ́n so mọ́ inú húùdù, tó ń fọ́n fúnra rẹ̀, tó sì ń ti gáàsì, kí oníṣẹ́ rẹ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Ẹni tó fọ húùdù gbọ́dọ̀ rí i pé òun dá ìdérí ẹnu rẹ̀ kọ̀ọ̀kan padà, àti pé ọṣẹ kò dí i.

Bí iná bá ti wọ páìpù, ariwo rẹ̀ á yàtọ̀, ẹ ó gbọ́ ọ. Ìjà yín ti tán níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ ti gáàsì, ẹ kó gbogbo ènìyàn jáde, ẹ fa ilẹ̀kùn dé, ẹ pe 112, ìyẹn nọ́ńbà pàjáwìrì jákèjádò Nàìjíríà. Nọ́ńbà ibùdó panápaná tó sún mọ́ yín náà, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sí ògiri iwájú, kì í ṣe inú fóònù mánéjà nìkan. Bí àwọn panápaná bá dé, ẹ sọ fún wọn pé inú páìpù ló wà, kí ẹ sì fi ibi tí páìpù gbà kọjá hàn wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má gbé garawa omi gun òrùlé.

Ẹ pín iṣẹ́ sílẹ̀ ṣáájú: ẹni tó máa ti gáàsì, ẹni tó máa kó oníbàárà jáde, ẹni tó máa pe panápaná. Ẹ tún yan ẹni tó ń dúró ti epo. Ní Ìlọrin, bí ládàánì bá ti pe ìrun ìṣínu, gbogbo ilé ìdáná ló ń dìde lẹ́ẹ̀kan náà sí omi àti dàbínù, epo ṣì ń gbóná lórí iná. Ó kéré tán, kí ẹ pa ààrò kí ẹ tó jẹ dàbínù.

Kí oníṣẹ́ tó lọ

Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ń kọ ọ́ sí: ọjọ́ tí wọ́n fọ̀ ọ́, ẹni tó fọ̀ ọ́, ibi tí kò lè dé àti ìdí rẹ̀, ohun tó bàjẹ́, oṣù tí a ó tún wò ó. Ibi tí kò lè dé yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, torí ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn tó kàn máa wà. Owó tó bá kù, ẹ má san án títí ẹ ó fi rí fídíò láti ẹnu húùdù dé ẹnu fáànù.

Láàárọ̀, kí ẹ tó tan ààrò kankan, ẹ dá fíúùsì padà, ẹ tan fáànù, kí ẹ gbé bébà tíṣù kan sí ojú fíltà. Ó yẹ kó lẹ̀ mọ́ ọn láìdì í mú. Bí kò bá lẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́líìtì ló tú, tàbí ilẹ̀kùn páìpù kan ni wọn ò dé dáadáa. Bó bá jẹ́ fáànù tó ń lo iná onílà mẹ́ta ni, ẹni tó so wáyà rẹ̀ padà lè ti pààrọ̀ méjì nínú wọn, tí fáànù fi ń yí sẹ́yìn. Ẹ pe oníṣẹ́ padà kí ẹ tó gbé epo kaná.